Báńjò, fáyólìn àti orin ìtàn: Bí orin Scotland àti Ireland ṣe pàdé ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní Amẹ́ríkà

Bí ènìyàn bá gbọ́ orin country láti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ohùn tó sábà máa ń kọ́kọ́ wọ etí rẹ̀ ni ti fáyólìn àti báńjò. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé orin àwọn aláwọ̀ funfun tó ń gbé ní ìgbèríko Amẹ́ríkà ni, àti pé láti Scotland àti Ireland ni àwọn baba ńlá wọn ti gbé e wá.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. Lóòótọ́, fáyólìn àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin tí wọ́n ń fi í kọ ti òkè òkun Yúróòpù wá. Báńjò, ẹ̀wẹ̀, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀, inú ìrora òwò ẹrú ló sì gbà dé Amẹ́ríkà.

Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe pàdé? Kí ló sì fà á tí ìtàn fi rántí òbí kan, tó gbàgbé èkejì?

Kí ni ìtumọ̀ "Celtic"?

Orúkọ àwọn èdè kan tó bára tan ni Celtic. Lára wọn ni èdè Gaelic ti Ireland, Gaelic ti Scotland, èdè Welsh, àti Breton tí wọ́n ń sọ ní ìwọ̀ oòrùn àríwá ilẹ̀ Faransé. Láti orí èdè ni orúkọ náà ti tàn dé orí àṣà àwọn tó ń sọ ọ́, títí kan orin wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn olórin ayé àtijọ́ kò pe orin wọn ní "orin Celtic". Ọ̀rúndún ogún ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta àwo orin sọ orúkọ náà di gbajúgbajà. Púpọ̀ nínú àwọn ará Scotland tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà kò sì gbọ́ Gaelic rárá. Èdè Scots, tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan, ni wọ́n ń sọ. Bákan náà, ọ̀pọ̀ orin ìtàn tí wọ́n ń kọ ní Scotland ni wọ́n ń kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé apá ibí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ń sọ pé orin Celtic wọ Amẹ́ríkà, ohun tí a ní lọ́kàn ni àpapọ̀ orin Scotland, Ireland àti ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ṣe wà lẹ́nu àwọn tálákà tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Láti Ulster dé òkè Appalachia

Ní ọdún 1609, ìjọba Ọba James Kìíní bẹ̀rẹ̀ ètò láti kó àwọn ará Scotland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tẹ̀dó sí Ulster, ní àríwá Ireland, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Irish. Nígbà tó fi máa di ọdún 1717, ara ti ń ni àwọn ọmọ àwọn tó lọ tẹ̀dó yìí. Owó ilé àti owó oko ń gbówó lórí, ọ̀dá dá, òwò aṣọ ọ̀gbọ̀ ń dẹnu kọlẹ̀. Òfin sì ń fi ẹ̀tọ́ kan du àwọn ọmọ ìjọ Presbyterian nítorí pé wọn kì í ṣe ara ìjọ tí ìjọba fọwọ́ sí.

Láàárín ọdún 1717 sí ọdún 1775, ó ju 100,000 ènìyàn lọ nínú wọn tó wọ ọkọ̀ sọdá òkun Atlantic. Ọ̀pọ̀ ló gúnlẹ̀ sí Philadelphia àti àyíká rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ilẹ̀ etí òkun ti lólówó, wọ́n gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó la àfonífojì Shenandoah kọjá sí gúúsù, títí wọ́n fi tẹ̀dó sí àwọn òkè Appalachia ní Virginia, North Carolina, Tennessee àti Kentucky.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Lẹ́yìn tí ogun Culloden ti ọdún 1746 ti tú agbára àwọn ará òkè Scotland ká, àwọn tó ń sọ Gaelic lára wọn lọ tẹ̀dó sí àfonífojì odò Cape Fear ní North Carolina. Lẹ́yìn náà ni ìyàn ńlá mú ní Ireland láàárín ọdún 1845 sí 1852. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, ó sì ju mílíọ̀nù kan lọ tó sá kúrò nílùú. Àwọn wọ̀nyí kò lọ sórí òkè. Àwọn ìlú ńlá bíi New York, Boston àti Chicago ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀.

Ẹni tó ń sá fún ìyà kì í rí ẹrù púpọ̀ gbé. Fáyólìn kéré, ó sì fúyẹ́. Orin kò wúwo rárá, nítorí inú orí ni wọ́n ń kó o sí.

Orin tó ń pìtàn

Ẹrù àkọ́kọ́ tí wọ́n kó sínú orí lọ ni orin ìtàn: orin gígùn tó ń sọ ìtàn ìfẹ́, ìpànìyàn, ọ̀dàlẹ̀ tàbí ọkọ̀ tó rì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń kọ ọ́, láìsí ìlù, láìsí ohun èlò kankan.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni "Barbara Allen", ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àìsàn ìfẹ́ dá dùbúlẹ̀ àti obìnrin tó kọ̀ ọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1666, Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba ní London, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun gbọ́ orin náà, ó sì pè é ní orin Scotland. Orin kan náà ni wọ́n ṣì ń kọ lórí òkè Appalachia ní ohun tó ju ọdún 200 lọ lẹ́yìn náà.

Francis James Child, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, kó irú àwọn orin bẹ́ẹ̀ 305 jọ sínú ìwé tó gbé jáde láàárín ọdún 1882 sí 1898. Inú ìwé àtijọ́ ni Child ti wá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Olive Dame Campbell ló fi hàn pé wọn kò tíì kú: òun fúnra rẹ̀ ń kọ wọ́n sílẹ̀ láti ẹnu àwọn ará òkè.

Campbell fi iṣẹ́ rẹ̀ han Cecil Sharp, akójọ-orin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún 1916 sí 1918, Sharp àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Maud Karpeles, rin òkè rin àfonífojì Appalachia, wọ́n ń jókòó ti àwọn àgbà, wọ́n sì ń kọ orin wọn sílẹ̀. Lọ́wọ́ obìnrin kan ṣoṣo, Jane Hicks Gentry ti ìlú Hot Springs ní North Carolina, wọ́n gba orin tó ju 60 lọ.

Orin náà ti yí padà díẹ̀. Orúkọ ìlú Scotland di ti Amẹ́ríkà, olówó orí ẹṣin di ará oko lásán, iwin àti òkú tó ń rìn sì dínkù nínú ìtàn. Ohun tí kò yí padà ni bí wọ́n ṣe ń fi ohùn márùn-ún tàbí mẹ́fà péré gbé ọ̀pọ̀ orin náà, dípò ohùn méje tí wọ́n ń lò ní ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́.

Fáyólìn àti ijó

Ẹrù kejì ni orin ijó. Ní Scotland àti Ireland, ijó tí ẹsẹ̀ ń yára ni wọ́n ń pè ní reel àti jig. Orin reel sábà máa ń ní apá méjì: wọ́n á ta apá àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ta èkejì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, títí tí yóò fi rẹ àwọn oníjó.

Ìlànà yìí kan náà ni wọ́n ń lò lórí òkè Appalachia títí di òní. A lè tọpasẹ̀ àwọn orin kan ní tààrà. Orin Scotland tó ń jẹ́ "Lord MacDonald's Reel" di "Leather Breeches" ní Amẹ́ríkà. "Miss McLeod's Reel" náà di "Hop High Ladies".

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń ta á ti yàtọ̀. Wọ́n ń ta okùn méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ọ̀kan ń ké láìdúró lábẹ́ èkejì, bíi ti fèrè alápò tí Scotland fi lókìkí. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta á sì ń fò, ó ń kán orin sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń lu ìlù.

Níbo ni ìlù yẹn ti wọ inú fáyólìn? Ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹrú aláwọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta fáyólìn níbi ijó àwọn aláwọ̀ funfun ní gúúsù Amẹ́ríkà. Solomon Northup, ẹni tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì tà sóko ẹrú, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1853 bí fáyólìn ṣe jẹ́ ìtùnú fún òun nínú ìdè.

Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn kan nínú wọn láti ilé. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní gòjé tirẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀pá onírun ẹṣin ta, láàárín àwọn Fúlàní, Hausa àti Dagbamba ní àríwá Ghana. Ẹni tó ti mọ gòjé ta kò níí pẹ́ kó tó mọ ọwọ́ fáyólìn.

Báńjò, ọmọ akèrègbè

Ní etí òkun Senegal àti Gambia, àwọn Jola ní ohun èlò kan tó ń jẹ́ akonting. Wọ́n ń la akèrègbè, wọ́n ń fi awọ bo ojú rẹ̀, wọ́n ń ti ọ̀pá gígùn bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń na okùn mẹ́ta lé e. Ọ̀kan nínú àwọn okùn náà kúrú ju àwọn yòókù lọ, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ta á. Ó ní àwọn ìbátan bíi xalam ti àwọn Wolof àti ngoni ti Mali.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti agbègbè yìí gbé ìmọ̀ náà lọ́kàn. Ní ìpẹ̀kun ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Hans Sloane, dókítà kan, rí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹrú ní Jamaica. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1707. Thomas Jefferson náà, ẹni tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nípa Virginia pé láti Áfíríkà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti gbé ohun èlò náà wá.

Daniel Laemouahuma Jatta, ọmọ Jola láti Gambia, wà lára àwọn tó tún ìtàn náà gbé jáde lóde òní. Nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ló rí báńjò, tó sì rántí akonting tí bàbá rẹ̀ máa ń ta nílé. Ìwádìí rẹ̀ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ túbọ̀ kíyèsí i pé bí èékánná ṣe ń lu okùn akonting sísàlẹ̀, tí àtàǹpàkò ń dá okùn kúkúrú lóhùn, jọ ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà ta báńjò lórí òkè Appalachia.

Báwo ló ṣe wá di ti aláwọ̀ funfun? Joel Walker Sweeney, ọmọ Virginia tí wọ́n bí ní ọdún 1810, kọ́ báńjò lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó di gbajúmọ̀ lórí ìtàgé, ó sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ní àkókò yẹn, àwọn aláwọ̀ funfun máa ń fi èédú kun ojú, wọ́n ń fi orin àti ijó ẹrú ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tó ń tàbùkù ẹ̀dá yìí ló gbé báńjò káàkiri Amẹ́ríkà, òun náà ló sì sọ ọ́ di ohun ìtìjú lójú ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú, débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tì.

Ibi tí odò méjì ti pàdé

Kì í ṣe orí ìtàgé nìkan ni ìpàdé náà ti wáyé. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti funfun jọ ṣiṣẹ́ lóko, níbi ojú irin tí wọ́n ń là àti nínú iwakùsà. Níbi tí òwúrọ̀ bá ti jẹ́ ti iṣẹ́ ni alẹ́ ti ń jẹ́ ti orin. Fáyólìn ló ń gbé orin, báńjò ló ń mú un rìn. Nígbà tí wọ́n wá fi gìtá kún un, ẹgbẹ́ olórin olókùn tí a mọ̀ lónìí pé.

Ní ìlú ńlá, ẹsẹ̀ ló pàdé. Ní àdúgbò Five Points ní New York, àwọn Irish àti àwọn aláwọ̀ dúdú òmìnira jọ ń gbé inú òṣì kan náà. Níbẹ̀ ni ijó jig ti Ireland ti pàdé ijó ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ní àwọn ọdún 1840, William Henry Lane, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n mọ̀ sí Master Juba, àti John Diamond tó jẹ́ aláwọ̀ funfun máa ń figagbága lórí ẹni tó mọ̀ ọ́n jó jù. Láti inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ijó tap, tí bàtà ń ró bí ìlù, ti jáde.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra: kì í ṣe ohun gbogbo tó jọra ló bára tan. Willie Ruff, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa orin ní Yunifásítì Yale, sọ pé inú ìjọ àwọn tó ń sọ Gaelic ni àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú ti kọ́ bí aṣáájú ṣe ń lé ẹsẹ orin, tí ìjọ yóò sì gbè é. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà. Wọ́n ní ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, àti pé kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọmọ Áfíríkà ní orin lílé àti gbígbè.

Ta ló pín orin sí funfun àti dúdú?

Bí wọ́n bá jọ kọ ọ́, ta ló yà wọ́n? Ìdáhùn kan ni àwọn akójọ-orin. Orin "Gẹ̀ẹ́sì" ni Sharp ń wá lórí òkè; kò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé níbẹ̀.

Ìdáhùn kejì ni ọjà. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn ilé iṣẹ́ àwo orin ya àwo àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ lábẹ́ orúkọ kan, wọ́n ya ti àwọn aláwọ̀ funfun ìgbèríko sọ́tọ̀ lábẹ́ òmíràn. Blues ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Bó bá gbé fáyólìn àti báńjò wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 1927, Ralph Peer gba ohùn ìdílé Carter àti Jimmie Rodgers sílẹ̀ ní ìlú Bristol, Tennessee, níbi tí ọ̀pọ̀ kà sí orírun orin country. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé Lesley Riddle, aláwọ̀ dúdú tó ń ta gìtá, bá A.P. Carter rin ìrìnàjò láti wá orin, nítorí pé Riddle ló máa ń rántí bí orin ṣe lọ. Bill Monroe, tí wọ́n ń pè ní bàbá orin bluegrass, sọ fúnra rẹ̀ pé òun kọ́ orin lọ́dọ̀ ẹni méjì: ẹ̀gbọ́n ìyá òun tó ń ta fáyólìn, àti Arnold Shultz, aláwọ̀ dúdú ará Kentucky. Shultz kò ní àwo orin kankan títí ó fi kú.

Orin náà padà sílé

Orin kì í dúró sójú kan. Francis O'Neill, ọmọ Ireland tó di ọ̀gá ọlọ́pàá ní Chicago, kó orin ìlú rẹ̀ 1,850 jọ láti ẹnu àwọn aṣíkiri, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1903. Michael Coleman, ọmọ Sligo, gba fáyólìn rẹ̀ sílẹ̀ ní New York. Nígbà tí àwo rẹ̀ padà dé Ireland, òun ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń fara wé. Báńjò náà wọ ìlú: Barney McKenna ti ẹgbẹ́ The Dubliners wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun èlò tí Ireland ń pè ní tirẹ̀ lónìí.

Báńjò dé Èkó pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí orin jùjú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, báńjò pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú ni Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kọrin. Ohun tó fi ìdè kúrò ní etí òkun Áfíríkà ti padà wá gẹ́gẹ́ bí ọjà òyìnbó.

Kí nìdí tó fi ṣe pàtàkì lónìí?

Ní ọdún 2005, àwọn aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ràn báńjò pàdé ní ìlú Boone, North Carolina. Láti inú ìpàdé náà ni ẹgbẹ́ Carolina Chocolate Drops ti jáde. Wọ́n lọ jókòó sẹ́sẹ̀ Joe Thompson, àgbà olófáyólìn aláwọ̀ dúdú tó ti lé ní ọdún 80, wọ́n sì kọ́ orin ìdílé rẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Thompson kú ní ọdún 2012. Orin rẹ̀ kò bá a lọ.

Rhiannon Giddens, ọ̀kan nínú wọn, gba àmì ẹ̀yẹ Pulitzer ti ọdún 2023 pẹ̀lú Michael Abels fún eré olórin "Omar", ìtàn Omar ibn Said, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ tó di Senegal. Giddens yìí kan náà ló ta báńjò nínú orin "Texas Hold 'Em" tí Beyoncé gbé jáde ní ọdún 2024. Nígbà tí orin náà jáde, àwọn kan bèèrè ohun tí aláwọ̀ dúdú ń wá nínú orin country. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àwo orin tó wà nínú rẹ̀, "Cowboy Carter", gba àmì ẹ̀yẹ Grammy fún àwo orin country tó dára jù.

Ìbéèrè yẹn kì bá má ti wáyé bí ìtàn báńjò bá ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Sísọ ìtàn náà tán kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ Scotland tàbí Ireland. Àwọn tálákà Ulster ló gbé orin ìtàn àti orin ijó wọn la òkun já, ẹ̀tọ́ wọn ni kí a dárúkọ wọn. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ti ọ̀pá bọ akèrègbè, tó na okùn lé e ní ilẹ̀ àjèjì, náà ni pẹ̀lú.